Ìtàn Tí Bàbá Olóbì Mu

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Adó, òórùn méjì ló máa ń jí mi láàárọ̀: òórùn iṣu tí Ìyé Àgbà, ìyá bàbá mi, ń sun fún wa, àti òórùn tàdáwà bàbá mi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ gbé ilé kéú rí, ẹ mọ òórùn tí mò ń wí. Tàdáwà ni yíǹkì tí àwọn àfáà fi ń kọ̀wé láyé ìgbà náà. Èédú àti èèpo igi ni wọ́n fi ń sè é, kì í sì í ta sánsán rárá. Bí ó bá kán sí aṣọ ènìyàn, ó parí. Ọṣẹ dúdú kò ràn án, ẹkún kò ràn án, ọwọ́ ìyá ẹni ló kù tí yóò dún létí. Èmi ni mò ń bá bàbá mi gún èédú rẹ̀, nítorí náà ẹ má bi mí bí aṣọ mi ṣe máa ń rí.

Aránṣọ ni bàbá mi, àfáà sì ni. Ọmọ Adó pọ́ńbélé ni, ṣùgbọ́n Ìlọrin ló ti kọ́ kéú, ó sì pẹ́ níbẹ̀ débi pé nígbà tó padà dé, tó bá kí ènìyàn lọ́nà Ọjà Ọba, wọ́n á bi í pé ta ni ó wá kí ní ìlú. Ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ tó pe iyán ní “uyán” ni ọkàn wọn tó máa ń balẹ̀. Láàárọ̀, á kọ́ àwọn ọmọ kéú lábẹ́ igi ọ̀dán iwájú ilé wa. Bí oòrùn bá ti mú, á jókòó ti ẹ̀wù àti fìlà tó ń rán. Àárín iṣẹ́ méjèèjì yìí ló ti ń jí àkókò fún iṣẹ́ kẹta tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́. Bàbá mi ń kọ ìtàn.

Mi ò sọ pé ìtàn àwọn ànábì o, mi ò sì sọ pé ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ Adó dó. Ìtàn àròsọ ni, èyí tó ti inú orí òun fúnra rẹ̀ jáde. Háràfù Lárúbáwá ló fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni, Yorùbá ilé wa, pẹ̀lú èébú àti àwàdà inú rẹ̀. Èyí tí a fẹ́ràn jù ni ti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Òjó. Òjó yìí, òpùrọ́ paraku ni, ṣùgbọ́n bí ebi bá ti ń pa á, kò lè parọ́ mọ́. Òótọ́ nìkan ni yóò máa ti ẹnu rẹ̀ bọ́. Ìyàwó rẹ̀ sì ti mọ̀. Kì í gbé iyán sílẹ̀ fún un kó tó bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀. Áà, a rẹ́rìn-ín títí inú dùn wá!

Bí ó ṣe ń ṣe é nìyí. Ní àkókò náà, ìwé kò pọ̀ bí ti òní, èyí tó wà kò sì ṣeé fi ṣòfò. Nítorí náà orí wàláà ló ti kọ́kọ́ máa ń kọ ọ́, pátákó yẹn gan-an tí àwọn ọmọ kéú fi ń kọ Àlùkùránì. Á kọ ọ́ tán, á sá a sóòrùn kó gbẹ, á wá gbé e síwájú, á máa kà á sí wa létí bí a ti ń bó ẹ̀gúsí. Kì í wo wàláà nígbà tó bá ń kà á, ojú wa ló máa ń wò. Ibi tí a bá ti rẹ́rìn-ín tàbí tí ẹ̀gúsí bá já bọ́ lọ́wọ́ wa, á fi í sílẹ̀. Ibi tí ẹnì kan bá ti yán ní tirẹ̀, á fọ̀ ọ́ dànù, á sì tún un kọ. Èyí tó bá yege ló ń lọ sórí ìwé. Àbúrò mi ọkùnrin kan wà tó máa ń yán bó ti wù kí nǹkan dùn tó, bàbá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán an lọ sódò bí ìtàn bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má rò pé eré ni gbogbo ayé wa o. Kí oòrùn tó yọ, a ti pọnmi dé. A ti gbálẹ̀, a ti kó ewé wá fún Ìyé Àgbà láti fi pọ́n èkuru. Ọjọ́ tí wọ́n bá gúnyán, àwa ọmọbìnrin ni a máa ń dúró yí odó ká, ọmọ odó méjì mẹ́ta nínú odó kan, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọmọ odó òun kan ti ẹnìkejì. Bí ó bá kàn án, ojú burúkú ni. Ẹni tó bá ṣe wàhálà lábẹ́ igi ọ̀dán, bàbá mi kì í nà án púpọ̀. Á ní kó fi ìka kan kanlẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, kó sì máa ka ohun tó kọ́ lánàá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ló máa wà. Bí wọ́n bá tú wa sílẹ̀, a ó bọ́ sí ìta, a ó máa ta òkòtó pẹ̀lú àwọn ọmọ oníléèwé ìjọ tó wà lójúlé kejì, tí àwọn ń fi a-b-d wọn yangàn sí wa, tí àwa náà ń fi alífù wa dá wọn lóhùn.

Bàbá mi kì í kàn kọ ìtàn lásán, ó ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ bí ẹni ń ṣa obì. Bí a bá jọ lọ sí Ọjà Ọba, tí ìyá arúgbó kan bá sọ ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan, á dúró. Á ní, “Ìyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wí.” Á bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ìgèdè, á bi ẹlòmíràn pé báwo ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ìyìn, àwọn ìlú tó wà nítòsí wa. Ojú a máa tì mí, torí pé ọbẹ̀ ti ń dúró de ata tí wọ́n rán wa. Ìyá mi á ní, “A rán yín ní ata, ẹ ra ọ̀rọ̀ bọ̀.” Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, á ní ata yóò tán, ọ̀rọ̀ kò ní tán.

Ọ̀rọ̀ ńlá kan wá wà nílẹ̀ ní ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí. Àwọn àgbà mọ́sáláṣí àdúgbò wa fẹ́ wé láwàní fún bàbá mi, kó di igbákejì Lèmọ́mù. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ohun tí èyí jẹ́. Àwa Mùsùlùmí kò pọ̀ ní Adó nígbà náà. Ẹni tí wọ́n bá wé láwàní fún láàárín wa, gbogbo ìlú ló ń bọ̀wọ̀ fún un. Bàbá bàbá mi fẹ́ ẹ títí ó fi kú, kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ìyé Àgbà ti ra aṣọ funfun náà pamọ́ sínú àpótí, ó ń fi kànáfùrù sí i kó máa ta sánsán. Bàbá mi náà fẹ́ ẹ. Mo rí i bó ṣe máa ń ṣe bí ẹni ń wá òwú abẹ́rẹ́ bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ti dá ọjọ́, wòlímọ̀ àwọn ọmọ tó parí Àlùkùránì ni wọ́n fẹ́ fi pọ̀ mọ́ ọn.

Ibẹ̀ la wà tí Bàbá Olóbì fi dé. Ará Ìgèdè ni ọkùnrin yìí, obì ló ń gbé wá sí Ọjà Ọba, ọ̀rẹ́ ilé wa ni. Ó sanra, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó dé yìí, ẹnu kò lè sọ nǹkan kan. Inú rírun ti mú un láti ilé, ó ká jọ bí ìgbín sí ẹnu ọ̀nà wa, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní hàntú. Ẹ̀yin náà mọ hàntú: omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kúrò lára wàláà, tí aláìsàn ń mu. Bàbá mi kò sí nílé, ó lọ fi agbádá jíṣẹ́ fún oníbàárà rẹ̀. Àwọn ọmọ kéú ti gbé wàláà tiwọn lọ sílé. Ẹyọ kan ló kù, tó fara ti ògiri nínú oòrùn, tí ìkọ̀wé kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú.

Ìyé Àgbà kò mọ alífù yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ adìyẹ. Ó gbé wàláà náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ṣe Bìsìmílàhì. Ó fi omi tútù fọ̀ ọ́ sínú igbá, kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan ta sílẹ̀, ó sì gbé e fún Bàbá Olóbì. Ọkùnrin náà gbé e mu, ó fi ìka nu ìdí igbá, ó pọ́n ọn lá. Ó ní, “Ó korò. Á ṣiṣẹ́.” Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó dìde, ó sì gba ọ̀nà Ìgèdè lọ.

Bàbá mi dé, ó wo ògiri. Ó ní, “Ta ló fọ wàláà mi?” Ìyé Àgbà fi ayọ̀ sọ fún un pé òun ni, pé Bàbá Olóbì ti mu ún. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí bàbá mi tó ṣí ẹnu tí kò lè pa á dé. Òjó ni! Ibi tí ìyàwó Òjó ti gbé iyán sókè tí ó ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ikùn Bàbá Olóbì. Bàbá mi fi ọwọ́ lérí, ó ní ibẹ̀ yẹn ló dára jù nínú gbogbo ohun tí òun ti kọ, òun kò sì rántí bí òun ṣe tò ó. Nígbà tó jókòó tán ni èyí tó burú jù wá sí i lọ́kàn. Wọ́n ti fi òpùrọ́ wo aláìsàn ní orúkọ Ọlọ́run.

Ó ní lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, bí ọkùnrin náà bá ti dé, òun yóò sọ fún un. Àfi bí Bàbá Olóbì ṣe dé pẹ̀lú àkùkọ ńlá kan àti iṣu, tí ara rẹ̀ le koko, tó ń fi ijó rìn. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti la Ọjà Ọba já, ó ti ròyìn fún oníṣu, ó ti ròyìn fún elépo. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tí orí ń fọ́, àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn, gbogbo wọn ti dúró síwájú ilé wa pẹ̀lú igbá lọ́wọ́, wọ́n ń béèrè hàntú Bàbá Olóbì. Bàbá mi kò rí àyè sọ ohun tó fẹ́ sọ. Lèmọ́mù náà gbọ́. Inú rẹ̀ dùn, ó ní láwàní ti rí orí tó yẹ ẹ́.

Ìyá mi bẹ bàbá mi pé kó dákẹ́. Ó ní, “Ẹni tí ara rẹ̀ yá ti yá. Ọlọ́run ló wò ó sàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wé láwàní yín ná.” Ẹkún ni Ìyé Àgbà ń sun ní tirẹ̀ lórí àpótí rẹ̀. Bàbá mi mú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ó jókòó, ó ń rán agbádá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí pé ó ń rán an, ó ń tú u.

Ọjọ́ wòlímọ̀ pé. A pa àgbò, a dín mọ́sà, a gbé omi ṣúgà kiri. Àwọn ọmọ wọ funfun. Nígbà tí wọ́n ṣe àdúrà tán, Lèmọ́mù, bàbá arúgbó tó ga tó sì tinrín, na ọwọ́ sí bàbá mi níwájú gbogbo ènìyàn. Ó ní, “Kí a tó wé e, mo fẹ́ kí o sọ fún wa ibi tí o ti kọ hàntú náà nínú Àlùkùránì, kí àwọn àfáà yòókù lè mọ̀ ọ́n, kí ìlú lè jẹ àǹfààní.”

Bàbá mi dìde. Ó ní, “Bàbá, kì í ṣe Àlùkùránì. Ìtàn ni. Èmi ni mo ro ó. N kò sí nílé nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́.”

Bàbá Olóbì tó jókòó níwájú ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó ní, “Ìtàn kẹ̀? Ìtàn kí ni mo mu?” Bàbá mi sì sọ fún un, láìfi nǹkan kan pamọ́: Òjó, iyán, ìyàwó. Bàbá Olóbì fi ọwọ́ pa ikùn rẹ̀. Ó ní, “Ẹ wá fún mi ní òpin rẹ̀ kí n mu ún!” Ẹ̀rín bú, ó bú débi pé àwọn obìnrin di ìhà mú. Ṣùgbọ́n Lèmọ́mù kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Irọ́ ni o fi háràfù Ọlọ́run kọ?” Bàbá mi ní nígbà tí òun wà ní Ìlọrin, olùkọ́ òun tó ti Mẹ́kà dé fi ìwé àwọn ará Fárísì han òun, àwọn tí àwọn ọmọ ìjọ ń pè ní ará Páṣíà. Ó ní Mùsùlùmí ni wọ́n, wọn kì í sọ Lárúbáwá nílé wọn, síbẹ̀ háràfù yìí kan náà ni wọ́n fi ń kọ èdè tiwọn, àti ìtàn inú rẹ̀, ilẹ̀ kò sì là gbé wọn mì. Lèmọ́mù ní, “Ìwọ, ṣé ará Fárísì ni ọ́ ni?” Bàbá mi ní, “Rárá o, Bàbá. Ará Adó ni mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ti Adó.”

Lèmọ́mù kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ má gbọ́ ọ lódì. Ó wá rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí bàbá tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ti wàláà, Ọlọ́run aláforíjì ni. Kí bàbá mi ṣèlérí níbẹ̀ pé òun ti jáwọ́ nínú ìtàn, kó sì wá tẹrí ba, kí wọ́n wé láwàní fún un, kí gbogbo wa jẹun. Ìyé Àgbà ti gbé aṣọ náà dání. Mo rí ojú rẹ̀, ó ṣì ń wò mí títí di òní.

Bàbá mi wólẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Lèmọ́mù. A rò pé ó ti gbà. Ó dìde, ó ní, “Ẹ jàre lórí wàláà, Bàbá. Ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kí n kọ ọ́ sí, n kò sì ní kọ ọ́ síbẹ̀ mọ́ láéláé. Láwàní dára, mo sì fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n orí tí ẹ fẹ́ wé e lé, ìtàn ló kún inú rẹ̀. Bí mo bá ṣèlérí fún yín, irọ́ gidi nìyẹn, mo sì pa á lójú Ọlọ́run.” Ó kí gbogbo àwọn àgbà, ó sì lọ sílé. Ẹlòmíràn ni wọ́n wé láwàní náà fún nígbà tó yá.

Ojú wa rí nǹkan lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀pọ̀ òbí kó ọmọ wọn kúrò lábẹ́ igi ọ̀dán wa. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dín àkàrà. Bí mo bá lọ sódò, wọ́n á máa pè mí ní ọmọ àfáà onírọ́, èmi náà á sì gbé ìkòkò mi kalẹ̀, nítorí pé n kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń bú tó ń dákẹ́. Mo jà títí gèlè mi fi di àkísà. Ìyé Àgbà kò bá bàbá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n kò yé gún iyán fún un. Bàbá mi sì lọ bá gbẹ́nàgbẹ́nà, ó gba pákó ìlẹ̀kùn kan tó ti wó, ó fá a kó dán, ó fi ṣe pátákó ìtàn. Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ Òjó láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ kò sí mọ́ lábẹ́ igi, ó wò yíká, ó ní kí n wá jókòó síwájú. Ọmọbìnrin kì í jókòó síwájú nígbà náà. Mo jókòó, ó sì kọ́ mi títí mo fi ń ka ọwọ́ rẹ̀ bí mo ṣe ń ka ojú rẹ̀. Ó kọ ìtàn títí ojú rẹ̀ fi ṣú, kò sì sí ẹni tó wé láwàní fún un títí ó fi kú.

Ẹ wò ó, ayé ti yí. Ìgèdè tí Bàbá Olóbì ń fi ẹsẹ̀ rìn, ọ̀kadà ń gbé ènìyàn débẹ̀ kí iyán tó tutù. Àwọn Mùsùlùmí ti pọ̀ ní Adó, mọ́sáláṣí wà káàkiri. Ìwé tí a ń tọ́jú bí wúrà, ọmọdé ń fi í ṣe bàlúù. Èyí tó tilẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín, tó sì ń dùn mí, ni ti ìwé bàbá mi. Láyé ìgbà náà, wọ́n ní kí ó jáwọ́ nínú rẹ̀ torí pé kì í ṣe Àlùkùránì. Láyé ìsinsìnyí, ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba fi aṣọ àlà wé e, ó gbé e sórí àpótí aṣọ rẹ̀, ó ní ẹni tí kò bá ṣe àlùwàlá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó rí háràfù, ó rò pé àdúrà ni. Kò sí ẹni tó lè kà á nínú ilé náà, wọ́n kàn ń bọ̀wọ̀ fún un.

Mo lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo ní kí wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ fún mi. Ó ń lọ́ra, mo sì wò ó lójú kan tó fi rántí pé èmi ni mo bí i. Mo fi awò sójú, mo kó àwọn ọmọ ọmọ mi jọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Òjó fún wọn. Nígbà tí mo dé ibi tí ìyàwó ti gbé iyán sókè, mo rí èyí àbíkẹ́yìn nínú wọn tó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, tó ń wo bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rù. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Màmá Àgbà, ṣé wọ́n ń fi nǹkan Ọlọ́run rẹ́rìn-ín ni?”

Mo fà á mọ́ra, mo sì ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu. Mo ní, “Rẹ́rìn-ín, ọmọ mi. Rẹ́rìn-ín dáadáa. Láwàní ni bàbá mi fi ra ẹ̀rín yìí fún ọ.”